Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Láti Pápá Ilé-Ìwé dé Akádẹ́mì Bọ́ọ̀lù

Ìbéèrè kan wà tó ń da ọkàn ọ̀pọ̀ òbí láàmú lóde òní. Ọmọ wọn kò tíì ju ọmọ ọdún 10 tàbí 11 lọ, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo àdúgbò a dúró wòran. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan wọlé wá, ó ní láti akádẹ́mì bọ́ọ̀lù ni òun ti wá, òun fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ náà kó wá kọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni kọ́ṣẹ́. Bàbá ń ro ti owó, ìyá ń ro ti ìwé, ọmọ fúnra rẹ̀ ń ro ti Yúróòpù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí a mọ bí akádẹ́mì ṣe dé, ohun tó wà kó tó dé, àti ẹ̀kọ́ tí ìtàn rẹ̀ ní fún òbí tó fẹ́ buwọ́ lùwé.

Tẹ́lẹ̀ rí, kò sí ohun tó ń jẹ́ akádẹ́mì bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ wa. Teslim Balógun, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, tí àwọn òǹwòran sì ń pè ní "Thunder" nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kankan jáde. Ó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1955, ó padà lọ síbẹ̀, ó darapọ̀ mọ́ Peterborough United, lẹ́yìn náà ó lọ sí Queens Park Rangers. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó tún hàn gbangba jù ni ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980. Lọ́jọ́ náà, ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí òdo, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudaṣiru Lawal sì gbá ẹ̀kẹta. Ọdẹ́gbàmí kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli ní Ìbàdàn. Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di olókìkí. Adokiye Amiesimaka, tó ń sáré lápá òsì nínú ikọ̀ náà, kọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Èkó. Inú ẹgbẹ́ kan náà, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ni Ọdẹ́gbàmí àti Lawal wà. Ọ̀kan ti iyàrá ìkàwé wá, èkejì ti ìsọ̀ mẹkáníìkì wá, wọ́n sì pàdé lójú ilé kan náà.

Kí ló gbé irú wọn jáde? Pápá ilé-ìwé ni, pápá àdúgbò, àti ìdíje láàárín àwọn ilé-ìwé girama, irú èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Principals' Cup. Àǹfààní kan wà nínú ètò yìí tí a kì í sábà rántí: òbí kò fi ohun púpọ̀ wewu. Ilé ni ọmọ ń sùn, ilé ló ti ń jẹun, ó ń kàwé ní òwúrọ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá kùnà, ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà nílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Owó kò sí nínú bọ́ọ̀lù nígbà náà, bí eékún ọmọ bá sì bàjẹ́, tirẹ̀ ti tán níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń fi pàṣán lé ọmọ kúrò ní pápá. Lójú tiwọn, ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kiri, ìpáǹle ló ń kọ́.

Ohun tó yí ojú ọ̀rọ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1985. Àjọ FIFA ṣètò ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọdún 16 lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ní Beijing, àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí Nduka Ugbade jẹ́ balógun wọn, na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 2 sí òdo. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó gba ife-ẹ̀yẹ FIFA rí kí tiwa tó gbà á. Láti ìgbà náà, òbí tó ń fi pàṣán lé ọmọ kúrò ní pápá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọrọ̀ ni òun ń lé jáde nílé.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọrọ̀ bá ti ń bọ̀, èké kì í jìnnà síbẹ̀. Nígbà tó yá, ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bára mu láti ìdíje kan sí òmíràn. FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó wáyé nílé wa ní 1991 sì bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wá dé Nàìjíríà ní 2009, FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ eegun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ wò láti mọ̀ bí ọjọ́ orí wọn bá ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Òbí tó bá gbà kí wọ́n dín ọjọ́ orí ọmọ òun kù ti kọ́ ilé ọmọ náà sórí iyanrìn.

Láàárín àkókò yìí, nǹkan ń yí padà ní Yúróòpù. Ní 1993, Finidi George àti Nwankwo Kanu lọ sí Ajax ní ìlú Amsterdam, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ dàgbà láti kékeré. Ní 1995, ẹgbẹ́ náà na AC Milan, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ tó ga jù ní Yúróòpù. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹjọ́ Jean-Marc Bosman, ó ní agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ sí ibòmíràn láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹgbẹ́ tí kò bá fẹ́ ra èso lówó gọbọi ní láti gbin igi tirẹ̀, kó sì tètè fi ìwé àdéhùn so ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni akádẹ́mì ti di òwò.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù tí Pepsi gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ní 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Wasimi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti jọ ń lọ. Ó yẹ kí òbí kíyè sí i pé ẹni tó fi ìwé àti bọ́ọ̀lù ṣe orúkọ kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tó dé orí ọmọ ẹlòmíràn.

Èso tó lókìkí jù láti ọ̀dọ̀ Pepsi ni John Obi Mikel, ọmọ tí a bí ní Jos. Ìtàn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Lyn ní Nọ́wè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18, ó buwọ́ lùwé pé òun yóò lọ sí Manchester United. Láìpẹ́, ó ní wọ́n fi ipá mú òun ni, pé Chelsea ló wu òun. Ọ̀rọ̀ náà di ti FIFA, kò sì yanjú títí di oṣù Kẹfà 2006, nígbà tí Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù pọ́ùn 12 fún Manchester United àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Gbogbo owó yìí ń yí lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jìnnà sí bàbá àti ìyá rẹ̀. Ti Mikel yọrí sí rere. Mélòó ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá, tí kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ wọn?

Nítorí irú nǹkan báyìí, ó yẹ kí òbí mọ òfin méjì. Àkọ́kọ́, láti 2001 ni FIFA ti fòfin de kí a máa gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin gbà á ni bí òbí bá ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù, tàbí bí ọmọ bá ń gbé nítòsí ẹnu ibodè, tàbí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fún ọmọ ọdún 16 sókè. Barcelona pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí: ní 2014, FIFA fìyà jẹ ẹ́, kò sì lè ra agbábọ́ọ̀lù fún sáà méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá ọ pé òun yóò mú ọmọ rẹ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 lọ sí ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, tó sì ń béèrè owó ìwé ìrìnnà, o ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Èkejì, bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n òun ló fà á tí akádẹ́mì kan fi lè gba ọmọ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kó bọ́ ọ, kó wọ̀ ọ́ láṣọ. Ohun ọ̀fẹ́ yẹn ní ìwé nínú, ìwé náà sì yẹ ní kíkà.

Àwọn òbí wa tó wà ní Ìlú Ọba náà ní ìbéèrè tiwọn. Ní 1984, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Lilleshall fún àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n ṣà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1997, Howard Wilkinson kọ ìlànà tó fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti Lilleshall ní 1999. Ní 2012, ètò tuntun pín akádẹ́mì wọn sí ìpele mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ọmọ ọdún 8 tàbí 9 lè ní ẹgbẹ́, aṣọ àti àkókò ìgbaradì bí àgbà. Wọ́n sì lè sọ fún un lópin sáà pé wọn kò fẹ́ ẹ mọ́.

Ẹ wo àwọn méjì tí orírun wọn jẹ́ ti Yorùbá. Bukayo Saka wọ akádẹ́mì Arsenal ní Hale End nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ealing tí wọ́n ti bí i wà ní ìwọ̀-oòrùn London, Hale End sì wà lápá ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ìlú náà yóò mọ ohun tí ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn iṣẹ́. Adémọ́lá Lookman kò ní irú ìyẹn. Ẹgbẹ́ àdúgbò, Waterloo, ló ń bá gbá bọ́ọ̀lù títí Charlton fi mú un ní 2014, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 16. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ní Dublin, òun nìkan gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọ ilé Bayer Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League, ọdún yẹn náà ni ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2014, ní Kánádà, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin tí kò ju ọdún 20 lọ. Ní 2021, ó bá Barcelona gba ife-ẹ̀yẹ Champions League. Òbí lè ṣe àṣìṣe ní ọ̀nà méjì: kó ti ọmọ jù, tàbí kó dì í lọ́wọ́ jù.

Kí wá ni ká ṣe? Òbí tí akádẹ́mì bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí lè ṣe ohun tí pápá ilé-ìwé ń ṣe láyé àtijọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀: kó rí i pé ìwé kò dúró. Kó béèrè ìgbà tí ọmọ yóò máa kàwé, àti ẹni tí yóò máa kọ́ ọ. Kó béèrè ibi tí àwọn ọmọ tí wọ́n dá padà lọ́dún tó kọjá wà báyìí. Akádẹ́mì tó bá lè dáhùn èyí ṣeé fọkàn tán ju èyí tó ń ka orúkọ olókìkí kan ṣoṣo lọ. Kó mú ìwé àdéhùn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kó tó buwọ́ lù ú. Kó má gba irọ́ kankan lórí ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn náà, kó bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n nà wọ́n, bóyá ó ṣì fẹ́ lọ lọ́la.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà bọ́ọ̀lù ti fẹ̀ ju ti ayé Teslim Balógun lọ, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn wa nínú ọjà náà kò mọ̀ bí orí òun bá wọ́. Àwa tó pọ̀n ọ́n ló yẹ kó mọ̀.