Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Wa Ṣe Ka Ìwé Gẹ̀ẹ́sì: Láti Freetown Dé Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí wọ́n bímọ sí òkè òkun: ‘Bí a bá ń sọ Yorùbá sí ọmọ yìí nínú ilé, ṣé kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́? Ṣé yóò lè kàwé dé yunifásítì?’ Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti wà lọ́kàn àwọn òbí wa kí wọ́n tó bí wa. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nílé pàápàá tí wọ́n ń na ọmọ, tàbí tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. Kí ni ojú àwọn ọmọ Yorùbá rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè tí kì í ṣe tiwọn ka ìwé gíga?

Ọ̀dọ̀ Àjàyí ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí tí wọ́n ti rà á, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní 1822. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1837, ó ròyìn pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun dé ìwọ̀n, wọ́n sì fi òun ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú owó oṣù tí kò tó ṣílè kan. Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Òun ni ayé mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Bí ó ti yára mọ̀wé tó yani lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ìwé náà ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ní 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde pẹ̀lú ìlànà gírámà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu ní láti mọ Gẹ̀ẹ́sì náà ju ẹni tí ó kàn ń kà á lọ ṣáá lọ. Ìtumọ̀ yìí, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín èdè méjèèjì, ni ó sọ Àjàyí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 láti fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé lé orí tábìlì.

Ní 1876, Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọmọ Yorùbá lè gba oyè yunifásítì láì kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nílé, ó di 1934 kí wọ́n tó ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yaba lọ́nà ìjọba. Nítorí pé ìwé-ẹ̀rí Yaba kì í ṣe oyè yunifásítì gidi, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ lórí ọ̀ràn náà.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ti wá rinlẹ̀. Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ṣí kúrò ní Yaba wá sí Ẹlẹ́yẹlé, sínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé-ìwòsàn nígbà ogun. Orúkọ ibẹ̀ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì, ṣùgbọ́n oyè Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà. Ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìgbò. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí nípa àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wọ ibẹ̀ lẹ́yìn 1950. Púpọ̀ nínú wọn ti fi Yorùbá kàwé kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Ìwé Fágúnwà àkọ́kọ́ ti jáde láti 1938, ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1943. Wọ́n ti mọ̀ pé ìwé ń sọ̀rọ̀, pé ènìyàn lè rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí ó wà lórí ewé ìwé, kí Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn lọ́rùn.

Ó sì fún wọn lọ́rùn. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, lẹ́tà kan, ìró kan ni (gb tí ó dà bí méjì, ìró kan ṣoṣo ni). Ẹni tí ó bá mọ ábídí dáadáa lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ẹ wá wo ‘though’, ‘through’, ‘cough’ àti ‘tough’. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni ó parí wọn, ìró mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń mú wá. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, tí a sì ń lọ sí súkúù. Ọ̀rọ̀ wa kúkurú nì, ‘ó’, kò yà ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n bí èkúté a sì sọ ìyá rẹ̀ di ọkùnrin nínú àròkọ. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ èdè, a tún ń gbọ́ òórùn. Ọmọ wa a wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé etí òun gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, a fi ‘they’ pè é, olùkọ́ òyìnbó a sì máa wá àwọn yòókù kiri. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣìṣe òpè nínú gbogbo wọn. Òfin èdè kan ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé èdè kejì.

Èyí tí ó le jù kò sí nínú àròkọ, inú kíkà ni ó wà. Ẹni tí ó ń fi èdè kejì kàwé a máa dúró níbi gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí yóò bá fi parí ìpínrọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fò lọ. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ọ̀nà àbùjá, tí wọ́n ń kọ́ ìwé sórí láì gbọ́ ọ yé, kí wọ́n lè dà á padà lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ awo náà ń kọ́ odù sórí, ṣùgbọ́n èdè tí ó gbé e dàgbà ni ó fi ń kọ́ ọ.

Síbẹ̀, kíkà tí ó jinlẹ̀ a máa bí èsì. Chinua Achebe, tí ó wọ Ìbàdàn ní 1948, sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2000 pé wọ́n fún kíláàsì òun ní ìwé Mister Johnson tí Joyce Cary kọ nípa Nàìjíríà láti kà. Àwọn olùkọ́ òyìnbó gbóríyìn fún ìwé náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde ó sì sọ pé ibi kan ṣoṣo tí òun gbádùn nínú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Ẹnu ya olùkọ́ wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí kò ní ilé tirẹ̀ tí ó ti wá kò lè dá irú èsì bẹ́ẹ̀ padà.

Ní 1952, bí àwọn ti Ìbàdàn ṣe ń làágùn lórí ìwé London, ni ọkùnrin Abẹ́òkúta kan tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ, Amos Tutùọlá, tẹ ìwé The Palm-Wine Drinkard jáde ní London. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilé bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wọ́n. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á ní àlejò onímọ̀. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín láti rò.

Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì pọ̀ sí i. Èkó àti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, lónìí gbogbo wọn ní Nàìjíríà ti lé ní 200. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó fẹ́ wọlé ni ó ní láti ṣe ìdánwò ‘Use of English’, ì báà jẹ́ ìmọ̀ Yorùbá ni wọ́n fẹ́ lọ kà. Tí ọmọ bá wọlé tán, yóò tún bá ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwájú ní ọdún kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń ráhùn pé àwọn ọmọ kò lè ka ìwé ẹ̀kọ́ kan já, wọ́n sì ń di ẹ̀bi náà ru ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyí náà ń dì í ru alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó lọ wo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà. Ọmọ Èkó ni, Yunifásítì New York ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ẹ̀kọ́ ní 1955. Nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní January 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen’s ní Ilé-Ifẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìpín kan nínú àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ìpín kejì tẹ̀lé àṣà àtijọ́: ọdún mẹ́ta ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí ohun gbogbo yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n ní láti kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nǹkan, wọ́n ní láti wá a. Àwọn òbí kan sì ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ àwọn dán nǹkan wò, ẹ̀rù yìí kan náà tí ó ń bà yín.

Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ìyókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tí wákàtí tí wọ́n lò nínú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọn kò rẹ̀yìn rárá. Fáfúnwá àti àwọn méjì mìíràn kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ní 1989.

Lójú tèmi, ohun tí ó wà lẹ́yìn èsì náà kò ṣòro láti rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń kọ́ bí a ti ń kàwé láyé rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ́ ọ ní èdè tí ó gbọ́ yóò gbé ọgbọ́n náà lọ sínú èdè kejì, ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni yóò kù fún un láti kọ́. Ọmọ tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń fi kún un.

Òfin ìjọba kò tẹ̀lé ọ̀nà kan láti ìgbà náà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 gba èdè ìyá láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà, bí ti Ifẹ̀. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti pa á rẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ó di ẹ̀bi bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ru ẹ̀kọ́ ní èdè ìyá. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá tí mo mọ̀, orí ìwé nìkan ni ètò náà wà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ kíláàsì Yorùbá ní St Stephen’s ní 1970 ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí ẹ bá bá ọ̀kan nínú wọn pàdé, nílé tàbí ní ìdálẹ̀ níbí, ẹ bi í léèrè bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí lójú rẹ̀.