Ìbọ̀wọ́ Muhammad Ali àti Orúkọ Mẹ́kà

  

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa gbé ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ pupa kan wá. Ọwọ́ oníṣòwò kan níhìn-ín ni wọ́n ti rà á ní 1,800 ríyàlì. Wọ́n kọ orúkọ Muhammad Ali gàdàgbà sí i lára, ìwé ẹ̀rí kan sì bá a rìn tí ó sọ pé Mẹ́kà ni Ali ti buwọ́ lù ú nígbà Hájì ọdún 1993. Bàbá fẹ́ kí a ta ìbọ̀wọ́ náà ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ wọ inú àpò ìtọ́jú àwọn aláìsàn wa. Àwọn ìgbìmọ̀ wá ní kí èmi nọ́ọ̀sì, tí mo ń bójú tó àpò náà, kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè kà á fún àwọn tí yóò rà á. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ayọ̀. Ibi tí ó gbé mi dé ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Òtítọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Muhammad Ali wá sí Mẹ́kà. Cassius Clay ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1964 ni ó na Sonny Liston ní Miami tí ó sì di ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ ní gbogbo ayé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di Muhammad Ali, ó sì ṣe àbẹ̀wò sí Gánà àti Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Nígbà tí ó kọ̀ láti lọ sí ogun Vietnam ní 1967, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó dá a láre. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972 ni ó wá ṣe Hájì, bí gbogbo Mùsùlùmí tí agbára rẹ̀ ká a.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ rò ó. Ẹni tí ó wá ṣe Hájì, aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni ó máa ń wà lára rẹ̀. Asọ̀ lásán pàápàá jẹ́ èèwọ̀ nínú iṣẹ́ Hájì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ta ni ó wá gbé ìbọ̀wọ́ dé ibẹ̀? Àwọn tí ó mọ Ali ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ mọ̀ pé ìwé pélébé tí ó ń ṣàlàyé ẹ̀sìn Islam ni ó máa ń buwọ́ lù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn kò ní ju ìwé tí orúkọ òun wà lára rẹ̀ nù, wọn yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ kà á. Bí ìwé ẹ̀rí Bàbá bá sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Ali fún ẹnì kan ní Mẹ́kà, ǹ bá tètè gbà á gbọ́.

Ohun kejì ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Ní ọdún 1984 ni a gbọ́ pé Ali ní àrùn Parkinson. Ìlú Ọba ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti tọ́jú àwọn tí àrùn yìí ń bá jà níbẹ̀ àti níhìn-ín. Ó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó máa ń mú kí iṣan ara le, kí ìrìn sì falẹ̀. Ó tún máa ń sọ ìkọ̀wé di wínníwínní, tí lẹ́tà á máa fún pọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ sí ìparí. Gbogbo ayé ni ó rí ọwọ́ Ali tí ó ń gbọ̀n ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1996, nígbà tí ó tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta. Ìkọ̀wé tí ó wà lára ìbọ̀wọ́ Bàbá gbòòrò, ó sì ń ṣàn geere bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin. N kò sọ pé èyí nìkan tó láti fi dá ẹjọ́, nítorí aláìsàn a máa ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó kọ ìwé ẹ̀rí dáhùn ni, kò sì dáhùn rẹ̀.

Bóyá ẹnì kan á ní, "Ìwé ẹ̀rí ṣáà wà." Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́pàá FBI bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Operation Bullpen lórí àwọn tí ń ta ayédèrú ìbuwọ́lùwé àwọn eléré ìdárayá. Ní 1999 ni wọ́n ya bo ibùba wọn ní California. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, ó lé ní 50 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. FBI fojú bù ú pé ayédèrú tí wọ́n ń tà lọ́dún kan tó 100 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn kan ń kọ orúkọ, àwọn kan ń tà á, àwọn mìíràn sì ń ṣe ìwé ẹ̀rí tí ó ń jẹ́rìí irọ́. Kódà, wọ́n bá bọ́ọ̀lù baseball kan tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa sí! Tony Gwynn, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré baseball ní San Diego, rí ohun tí ó ní orúkọ tirẹ̀ lára nínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, ó sì mọ̀ pé òun kọ́ ni òun kọ ọ́.

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìbọ̀wọ́ tí Ali fi na Liston tà ní gbàǹjo ní New York ní 836,500 dọ́là. Níbi tí oyin bá wà, eṣinṣin kò ní jìnnà.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá ta sí i? Láti ọdún 2001, àjọ baseball ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹlẹ́rìí sí ibi eré. Ìṣojú ẹlẹ́rìí yìí ni nǹkan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó lẹ àmì onínọ́ńbà mọ́ ọn. Ohun tí kò bá ṣojú rẹ̀, kò ní fi àmì sí i, bí ó ti wù kí ó dára tó. Ẹ̀yin ará, ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí. Bí mo bá fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí sí ìgò náà. Ìgò tí kò ní orúkọ, dídà ni a ń dà á nù. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ta ni?

Kí ló wá mú kí àgbàlagbà bíi Bàbá ra ohun tí kò ní ẹlẹ́rìí? Orúkọ Mẹ́kà ni. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹnu wa a kọ ìbéèrè, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ ní Ìlú Ọba kìlọ̀ nípa omi inú ìgò kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí omi Zamzam, nítorí májèlé arsenic tí ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Saudi kò fàyè gba kí a kó Zamzam lọ sí òkèèrè fún títà. Àwọn tí ó mu omi náà rò pé ìbùkún ni àwọn ń mu.

Kí n tó kọ ìwé yìí, mo lọ bá Bàbá nílé, mo kúnlẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìwọ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí a bá tà á fún ẹlòmíràn nísinsìnyí tí a ti mọ̀, àwa gan-an ni a di olè. Ẹ má tà á. Kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i." Àṣẹ wọn ni mo fi kọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ó ń fi 1,800 ríyàlì náà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun. Àánú aláìsàn ni ó ti Bàbá débẹ̀.

Ìtàn kò parí síbẹ̀. Orúkọ Ali wọ Jeddah lọ́nà tí kò ní àbòsí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí Callum Smith na George Groves, tí ó sì gba ife-ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ Muhammad Ali pè. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọmọ wa Anthony Joshua, tí ìdílé bàbá rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, bá Oleksandr Usyk jà ní Jeddah yìí. Joshua kò borí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, Bàbá mú fọ́tò kan jáde tí wọ́n yà níta gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ọmọ wọn. Wọ́n ti kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tí ó yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Joshua kò buwọ́ lù ú, kò sì sí ẹni tí yóò fún wọn ní ríyàlì kan lé e. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni láti òkè dé ilẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ara wa: ta ni ó ni ín, ọwọ́ ta ni ó ti gbà á, níbo, nígbà wo? Àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.