Ààlà Àgùdà: Ta Ni Ó Ń Pín In?

Ní 1955, ìgbìmọ̀ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìgbìmọ̀ náà ni ó pín àdúgbò, kì í ṣe àwọn tí yóò gbé ibẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 béèrè pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará agbègbè fọwọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ titun. Síbẹ̀, ìbò wọn kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ní 2003, a ya Coker-Àgùdà kúrò lára Sùúrùlérè. Ní 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé irú ìdásílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n kò tí ì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀.

Onílé ni ó mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Ó yẹ kí ohùn rẹ̀ dé ibi tí a ti ń parí ọ̀rọ̀.