Bí Ìjọba Bìrìtéènì Ṣe Ń Kó Olè Lọ sí Òkè Òkun

Láàárín 1788 sí 1868, ìjọba Bìrìtéènì kó nǹkan bí 162,000 ẹlẹ́wọ̀n, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ sí Austrálíà. Olè jíjà ló kó bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì jí kò tó nǹkan: aṣọ, àgùntàn, ṣíbí fàdákà, àǹkáṣíìfù. Ọdún méje ni ìdájọ́ tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn mìíràn gba mẹ́rìnlá tàbí títí ọjọ́ ikú. Ẹni tó bá yọ́ padà wálé kí ọdún rẹ̀ tó pé, ikú ni òfin kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un. Nílẹ̀ Yorùbá náà láyé àtijọ́, ìlú lè ta ẹni tí olè jíjà ti di bárakú fún sí oko ẹrú, nítorí náà irú ìjìyà yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó wọn lọ tẹ́lẹ̀, lábẹ́ òfin 1718. Ogun òmìnira tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1775 dí ọ̀nà yẹn pa. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kún àkúnya, wọ́n sì ń há àwọn ọ̀daràn mọ́ inú ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lójú odò Thames. Kí wọ́n tó pinnu lórí Austrálíà, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n yíjú sí. Apá yìí nínú ìtàn náà kò yẹ kó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní 1782, nígbà tí Bìrìtéènì ń bá àwọn ará Họ́láńdì jagun, wọ́n sọ ẹlẹ́wọ̀n di ọmọ ogun, wọ́n sì kó wọn wá sí Cape Coast, ní Gánà òde òní. Ilé olódi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀ ẹrú gan-an ni wọ́n kó wọn wá. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan sá lọ bá àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n ní kí wọ́n wá bá jà. Ní Moree, nítòsí ibẹ̀, ọ̀gá wọn, Kápútéènì Kenneth Mackenzie, ní kí wọ́n so ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, Murray Mackenzie, mọ́ ẹnu àgbá ogun, wọ́n sì yìn ín, láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ilé ẹjọ́ Old Bailey dá ọ̀gá náà lẹ́bi ìpànìyàn ní 1784, ṣùgbọ́n ọba dárí jì í.

Síbẹ̀, ní 1785, ìjọba tún fẹ́ lọ da ẹlẹ́wọ̀n sí erékùṣù Lemane lójú odò Gáńbíà. Aṣòfin Edmund Burke ta kò ó nílé aṣòfin: ó ní wọ́n ń pè é ní àánú, ṣùgbọ́n ikú ni wọ́n ń rán wọn lọ bá. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ náà kò fara mọ́ ọn. Ìjọba wá rán ọkọ̀ Nautilus lọ wo etíkun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ gbígbẹ ló bá. Ní August 1786, wọ́n mú Botany Bay ní Austrálíà.

Ọkọ̀ 11 ló kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ ṣí lọ síbẹ̀ ní 13 May 1787. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. John Caesar, tí ilé ẹjọ́ Maidstone rán lọ fún ọdún méje nítorí £12 tó jí, sá wọ igbó léraléra nítorí ebi, títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní February 1796.