Orúkọ Tí Ìwé Ogún Kò Gbàgbé

Bí àgbà ilé bá ń ka ìran fún wa, orúkọ ọkùnrin ló ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó kẹta tó tètè kú, ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ ní Oǹdó tí kò padà sí Ìjàre mọ́, kì í pẹ́ tí orúkọ wọn fi ń pòórá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ibì kan wà tí ẹ ti lè rí irú wọn: ìwé tí kóòtù kọ nígbà tí wọ́n ń pín ogún.

Nílẹ̀ Yorùbá, àṣà ìbílẹ̀ ni kóòtù sábà fi ń pín ogún ẹni tó kú láì ṣe ìwé ìhágún, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí. Suberu Dawodu ti Èkó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé orí-ò-jorí ni, kí gbogbo ọmọ gbà lọ́gbọọgba, àbí ìdí-igi, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin? Ẹjọ́ náà rìn títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fara mọ́ ìdí-igi ní ọdún 1962. Bí Súúrà Nisáì ṣe là á sílẹ̀ kọ́ nìyẹn, níbi tí Ọlọ́hun ti fún ìyàwó, ìyá àti ọmọbìnrin ní ìpín tiwọn. Síbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè pín ìdí-igi láì dárúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan àti ọmọ tó bí.

Ẹjọ́ ọdún 1900 kan l'Ékòó tún wù mí ju ìyẹn lọ. Wọ́n mú Elese, ọmọ Yorùbá, lẹ́rú lọ sí Brazil. Ó fẹ́ Selia níbẹ̀ nílànà Mùsùlùmí, wọ́n tún ṣe é nílànà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó padà wálé, ó fẹ́ Asatu nílànà Mùsùlùmí, ìyẹn sì bí Asiata. Kóòtù dájọ́ pé Asiata náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún bàbá rẹ̀. Bí kò bá sí ẹjọ́ yẹn, ta ni ì bá mọ Asatu lónìí?

Ẹ má retí pé gbogbo ilé ló ní ìwé. Oko kòkó tí ẹbí pín láàárín ara wọn ní Ìjàre kò dé kóòtù rárá. Owó báńkì, ilé tó ní ìwé, tàbí ìwé ìhágún ló ń gbé ẹbí dé ẹ̀ka Probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, Àkúrẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ibẹ̀: orúkọ olóògbé, ìlú rẹ̀, ọdún tó kú, ohun tí ẹ jẹ́ sí i. Ẹ san owó tí wọ́n bá bù, kí ẹ gba rìsíìtì. Orúkọ ló ń da iṣẹ́ yìí rú jù: Ibrahim kan náà lè jẹ́ Búráímọ̀ nínú ìwé, Yusuf lè di Yẹsúfù, Abubakar lè di Bakare. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ.

Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀; Ìbàdàn ni olú-ìlú wa tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ikú náà bá ti pẹ́, ẹ béèrè ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì ibẹ̀ ló ń tọ́jú ìwé ìjọba Òyìnbó lórí ẹkùn Oǹdó. Ẹni tó kú sí Èkó, Èkó ni kí ẹ wá a sí.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn àgbà ilé. Bí wọ́n bá gbọ́ lójijì pé ọmọ kan ń wá ìwé ogún kiri, wọ́n á ní ó fẹ́ tún ogún pín.