Èdìdì, oríkèé tàbí adíhò? Ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn ìdánwò asà ooru

Nílé wa láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, bí òrùlé bá ń jò, káfíńtà kì í bá páànù wí. Ojú ìṣó ló máa ń wò, á ní: «Ẹ jẹ́ kí n dí i.» Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, dí, ni mo fẹ́ fi wo ìtàn asà ooru, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jóná nígbà tó bá ń ti gbalasa òfuurufú padà wọ afẹ́fẹ́ ayé.

Ìrísí ọkọ̀ àti ohun èlò ni ìtàn náà sábà máa ń dá lé. Ní 1951, H. Julian Allen ní Ames, Kalifọ́níà, rí i pé ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ kò ṣóńṣó ń lé ọ̀pọ̀ ooru kúrò lára. Ṣùgbọ́n àlàfo náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún táìlì ló bo ikùn ọkọ̀ Discovery, a sì fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn, nítorí pé ara ọkọ̀ a máa fẹ̀, a sì máa sún kì. Aṣọ seramíìkì ni wọ́n fi dí àwọn kan nínú àyè wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 2005, Stephen Robinson fi ọwọ́ fa méjì tó yọrí síta yọ, kí wọ́n má baà dá kún ooru nígbà ìpadàbọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2015, ọkọ̀ IXV ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra láti Kourou. Ìdánwò ìpadàbọ̀ ni gbogbo ìrìnàjò náà.

Kí ni a ó pe ohun tó dí àlàfo náà? Ẹni tó bá ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá yóò rí «seal», á sì kọ èdìdì. Àmì àṣẹ lórí ìwé ni èdìdì. Faransé tí èmi kà nílé ìwé ya «sceau» sọ́tọ̀ kúrò lára «joint», mo sì rò pé mo ti bọ́. Àfi bí «joint» ṣe fà mí lọ sí oríkèé, ibi tí egungun méjì ti pàdé. Èkíní sọ̀rọ̀ àṣẹ, èkejì sọ̀rọ̀ ìpàdé. Kò sí èyí tó sọ pé ooru kò gbọdọ̀ kọjá.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá adíhò: a- + dí + ihò. Ẹnì kan lè ní àlàfo kì í ṣe ihò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò ni àlàfo tí a kò dí jẹ́ fún ooru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka èdìdì yóò máa wá òǹtẹ̀. Èyí tó bá ka adíhò yóò béèrè ibi tí ihò wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi káfíńtà léèrè, kí a tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.