Ilé-ìkàwé Ìpínlẹ̀ Kwara, Ìlọrin
Ilé-ìkàwé gbogbogbòò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìlọrin. Kàdúná ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kì í ṣe Ìbàdàn, nítorí pé abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1967. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó ti ara Ẹkùn náà jáde ni ó pín ìwé ilé-ìkàwé Kàdúná.

Ṣùgbọ́n ìwé ti wà ní Ìlọrin kí òyìnbó tó dé. Ilé àwọn àáfà ni ilé-ìkàwé ìgbà náà: ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá, tákàdá tí a kò dì pọ̀, nínú àpò awọ. Fásitì Ìpínlẹ̀ Kwara, Màlété, ní ibùdó tó ń tọ́jú irú wọn.